Ìràpadà ní Ilẹ̀ Okun

Ní ìgbà èwe mi ní Kàbà, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi àgbà ni mo máa ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí oníwàásù bá ti dé orí ọ̀rọ̀ náà, 'ìràpadà', ìyá àgbà a mi orí, wọn a sì mí kanlẹ̀. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni, bí 'ìdáláre' àti 'ìsọdimímọ́'. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni ní etí tiwọn. Àwọn ọmọ ogun Núpé ti kó ìyá tí ó bí wọn lẹ́rú rí, àwọn ẹbí sì fi owó ẹyọ àti aṣọ híhun rà á padà. (Àwa ará Owé kì í tètè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí ọmọdé.)

Kò sí àní-àní pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Bídà ni ó ń jẹ gàba lé Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ lórí, ènìyàn sì wà lára ohun tí a fi ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè bí ẹ̀sìn Kristi ṣe dé, ọdún 1908 tí Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ̀ ni a ó dárúkọ. Iṣẹ́ ọkùnrin náà kò kéré. Síbẹ̀, ọmọ agbègbè wa kan ti ń wàásù ní àádọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀.

James Thomas ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1832 ni wọ́n jí i gbé ní Ikudon, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ẹbí tí ó rí i rà padà. Sàró ni ó ti gba òmìnira, ibẹ̀ náà ni ó sì ti di onígbàgbọ́. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ń wá òṣìṣẹ́ fún Míṣọ̀n Odò Ọya, Thomas fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1858 ni ó ti wà ní Gbebe, ní ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Nígbà tí ogun tú Gbebe ká ní 1866, Lọ́kọ́já ni iṣẹ́ náà ṣí lọ. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí di 1879. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Kọ́lápọ̀ ti ṣe àtẹ̀jáde àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, kí a lè kà á.

Ọjà ńlá ni Gbebe, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí dúró sí! Ẹni tí a ti tà rí ni ó ń wàásù fún àwọn tí ń tà tí wọ́n sì ń rà. Ní Sàró, kò sí ẹni tí yóò tún dè é. Òun ni ó yàn láti padà wá sí ìtòsí ibi tí wọ́n ti gbé e. Èmi kò mọ ìwàásù tí ó ju èyí lọ.

Kì í ṣe pé ọwọ́ Míṣọ̀n náà mọ́ tán. Ní 1882, ilé-ẹjọ́ ní Sàró dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan lẹ́bi nítorí ikú ọmọdébìnrin kan tí wọ́n lù ní Oníṣà, ọmọ tí wọ́n fi owó rà. Ẹnu kan náà tí ń ka ìwé Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì, níbi tí a ti ní kí olówó ẹrú gba Ónésímù bí arákùnrin, ni ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọ ẹlẹ́ran ara.

Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, agbára Bídà sì kúrò lórí wa. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Goldie kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní agbègbè Company. Àwọn tí wọ́n kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì mú àdúrà tuntun bọ̀ láti Lọ́kọ́já. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú agbo ilé. Àwa náà ní ẹrú, a kàn kì í sọ ọ́ ni.

Ní agbo ilé wa, bàbá àgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ilé baba rẹ̀. Nígbà tí ó kú, tí a fẹ́ pín ilẹ̀ oko, àwọn kan ní kí a má ka àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ wa. Ọmọ ìjọ ni gbogbo àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà dìde láàárín ìpàdé. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá mọ iye tí a fi ra ìyá àwọn padà sọ ọ́ síta, kí a lè mọ iye ilẹ̀ tí ó tọ́ sí àwọn náà. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Àwọn ọmọ bàbá náà ṣì ń dáko níbẹ̀ títí di òní.