Láti Ẹnu Àáké dé Inú Àpótí: Ìtàn Ọ̀sìn Oyin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ ìfaradà la mọ òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ìtàn wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ bí àwọn baba wa ṣe ń rí oyin: wọ́n á fi àáké la ihò igi tàbí àpáta, wọ́n á fi iná lé kòkòrò rẹ̀, wọ́n á kó afárá lọ. Èyí tí iná ò bá pa á sá. Wọn kò sin oyin nígbà náà; wọ́n ń kó o ni.

Kíkó oyin ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol àti ti Frankfurt tẹ ìwádìí kan jáde lórí àfọ́kù ìkòkò Nok, láàárín gbùngbùn Nàìjíríà. Nínú àwọn tí ọ̀rá ṣẹ́ kù sí lára, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní ìda oyin. Àwọn kan nínú ìkòkò náà ti tó 3,500 ọdún.

Ìdúmàgbò tiwa ńkọ́? Ẹ dé ọjà Jánkárà, ẹ ó rí oyin nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbòogi. Òun la fi ń po oògùn ikọ́, òun la fi ń kan ọmọ tuntun lẹ́nu níjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àmọ́ ta ló lè búra pé kì í ṣe omi ṣúgà ló wà nínú ìgò? Èyí ló mú kí àbúrò mi kan àti ìyàwó rẹ̀ pinnu láti máa sin oyin fúnra wọn. Wọ́n bi mí pé, “Bùrọ̀dá, ṣé a lè gbé àpótí méjì sórí dẹ́kìn ilé?” Mo ní rárá o! Ilé lẹ̀ mọ́lé níbẹ̀, òdòdó ò sì sí.

Oyin ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ní 1956 wọ́n kó irú rẹ̀ lọ sí Bràsíl. Ní 1957 àwọn kan sá lọ, wọ́n sì gbòde kan títí wọ́n fi dé Amẹ́ríkà ní 1990. Ẹ wá ilẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, níbi tí igi àti omi wà, kó jìnnà sí ilé àti ojú ọ̀nà.

Ohun tó gba àáké lọ́wọ́ èèyàn ni àlàfo kékeré kan. Ní 1851, pásítọ̀ Amẹ́ríkà kan, Lorenzo Langstroth, lo àkíyèsí pé bí àlàfo inú àpótí bá tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án, oyin kì í dí i. Èèyàn lè fa afárá jáde láì fọ́ ọ, kó sì dá a padà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe àpótí tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kẹ́ńyà: igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32 ni wọ́n tò sókè rẹ̀, oyin á sì so afárá mọ́ ọn. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Àpótí méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara pátá, ẹ fi èéfín díẹ̀ tù wọ́n lójú. Èéfín ni mo wí, kì í ṣe iná. Ẹ má gé afárá tí wọn ò tíì fi ìda dé: bí omi inú oyin bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó lè kan. Ìda náà ọjà ni. Òun làwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ìgùn ní Bìní fi ń mọ ère kí wọ́n tó da idẹ. Ẹ sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn tó ṣiṣẹ́.

Nínú èdè wa, “sìn” là ń lò fún ẹni tó ń tọ́jú ẹran, òun náà là ń lò fún ẹni tó ń ṣe ìránṣẹ́. Bí àbúrò mi bá ṣí àpótí rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tí oyin ò tíì tó gé, kó dé e padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyẹn gan-an ni à ń pè ní ọ̀sìn.