Ẹní Tí Wọ́n Tẹ́ fún Kòsọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ kásúà lásìkò ìsinmi, ní ilé-iṣẹ́ kan nínú Ìkòròdú Industrial Estate, ọmọ Tógò kan wà láàrin wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú un wọlé, wọ́n fi mí sílẹ̀ ní géètì. Inú bí mi. Mo ní, "Àwọn àjèjì yìí ti gba iṣẹ́ wa tán!" Ó gbọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó rí mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Àbúrò, apá mi ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe èmi. Láti 1993 tí a ti sá kúrò ní Lomé ni mo ti mọ̀ pé wọn kì í tẹ́ ẹní fún àlejò lásán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn Ẹ̀pẹ́.

Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú gbà á. Ṣé àánú nìkan ni? Ó tì o! Kòsọ́kọ́ ní ọmọ ogun, ó ní ìbọn, ó sì mọ àwọn oníṣòwò òyìnbó. Nípasẹ̀ rẹ̀, ọjà Ìjẹ̀bú lè gba Palma àti Lẹ́kì dé òkun láì kan Èkó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lé e náà mọ ìṣirò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kọ́ńsù Campbell bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kó má bá Èkó jà mọ́, àwọn á sì máa fún un lówó lọ́dọọdún. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kó padà sílé. Ní 1863, wọ́n gbé ogun lọ bá Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìkòròdú ńkọ́? Ní Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Àwọn olówó wọn pariwo títí. Glover sọ ọ̀pọ̀ àwọn Hausa inú wọn di ọmọ ogun. Ní oṣù Kẹta 1865, nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, àwọn ọmọ ogun Hausa yìí wà lára àwọn tó lé wọn. Glover ń wá ọ̀nà ọjà lọ sí Ìbàdàn ni, kì í ṣe ojú lásán. Síbẹ̀, ìlú tí mo dúró sí tí mò ń pe ẹlòmíì ní àjèjì, àwọn ìsáǹsá wà lára àwọn tó gbà á sílẹ̀.

Ìṣirò àwọn olóṣèlú a máa parí. Kòsọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ dúró. Títí dòní, Èkó Ẹ̀pẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún Káyókáyó wọn. Ẹní àlejò ti di ilé.

Mo wá ọkùnrin yẹn lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́la, tètè dé géètì."