Ilé Là Á Wò: Ìtàn Ráútà Aláìlókùn Nínú Ilé ní Zone 4, Àbíjàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí wọ ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ, ó sì tún wọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á kò lálàá rẹ̀: ọ̀rọ̀ àpótí kékeré tí ó ń tanná wínníwínní, tí ó sì ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé láìlo okùn. Ráútà ni orúkọ rẹ̀. Ní Àbíjàn, níbi tí èdè Faransé ti gbilẹ̀, "box" tàbí "modem" ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu aráàlú. Ìbéèrè tí ó ń kọ àwọn onílé lóminú ni pé èwo ni ènìyàn lè rà tí owó rẹ̀ kò ní ga jù, tí agbára rẹ̀ yóò sì dé yàrá tó kẹ́yìn pátápátá. Ìbéèrè ọjà lásán ni ó jọ, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó bí i: ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ àdúgbò kan dó, bí wọ́n ṣe mọ ògiri rẹ̀, bí okùn ṣe gba abẹ́ òkun wọ ìlú, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe sọ ìgbì rédíò di ìránṣẹ́ inú ilé.

Zone 4 wà ní Marcory, lórí erékùṣù Petit-Bassam tí omi ọ̀sà Ebrié yí ká. Orí erékùṣù yìí kan náà ni Treichville àti Koumassi wà. Ní ọdún 1934 ni ìjọba amúnisìn Faransé gbé olú-ìlú Côte d'Ivoire kúrò ní Bingerville wá sí Àbíjàn. Ní 1950, wọ́n la ipa omi Vridi já sínú òkun. Ní 1951, èbúté tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ti ń pọ̀ sí i ní gúúsù ìlú náà. Orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó fi rúlà ya àwòrán ìlú ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe àwọn tó ń gbé inú rẹ̀; nọ́ńbà ni wọ́n fi pè é, bí ẹni tó ń ka àpò kòkó. Nígbà tí ó yá, ilé gbígbé dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́. Àwọn Faransé, àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ọwọ́ wọn gbé e kọ́lé síbẹ̀, ilé ọlọ́gbà àti ilé alájà púpọ̀. Òpópónà kan níbẹ̀ ń jẹ́ Pierre àti Marie Curie, òmíràn ń jẹ́ Paul Langevin. Langevin yìí ni onímọ̀ físíìsì tí ó lo ìgbì ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ láti wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ṣe rẹ́gí pé ní àdúgbò tí ó fi orúkọ onímọ̀ ìgbì pe òpópónà rẹ̀ ni àwọn onílé ti ń wá ìgbì tí ó sọnù láàárín yàrá ìgbàlejò àti yàrá ibùsùn.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Treichville, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. "Anango" ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Ẹ̀jìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní Ẹ̀jìgbò títí di òní. Òwò ló gbé wọn dé ibẹ̀, ọ̀nà orí ilẹ̀ tí ó gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá ni ó sì so ìlú méjèèjì pọ̀. Nígbà kan, ẹnu awakọ̀ àti lẹ́tà ni ìròyìn ìkómọ, ti òkú àti ti owó ilé-ìwé ń bá rìn. Lónìí, orí ẹ̀rọ alágbèéká ni ọmọ ti ń rí ojú ìyá-ìyá rẹ̀. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kú sí ẹnu ọ̀nà yàrá kò yàtọ̀ sí lẹ́tà tí kò dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àpótí àjèjì yóò wọ ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1935, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ètò rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Owó oṣooṣù ni onílé ń san, ibi tí wáyà bá sì mọ ni ọ̀rọ̀ mọ. Yorùbá wo àpótí náà dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí jinlẹ̀ ju ìṣẹ̀fẹ̀ lọ: ó sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Ráútà yàtọ̀ sí i pátápátá, nítorí pé bí kò bá gbọ́ èsì láti inú yàrá, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rántí nígbà tí wọ́n bá dé ọjà.

Orí erékùṣù ni ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn ti ṣẹ̀. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi ìgbì rédíò so kọ̀ǹpútà orí àwọn erékùṣù ibẹ̀ pọ̀. ALOHAnet ni wọ́n pe ètò náà. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda àwọn ìgbì kan fún lílò láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni 2.4 GHz, tí ààrò máíkírówéèfù ń lò láti fi gbé oúnjẹ gbóná. Ìgbì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n fi tọrẹ. Ilé iṣẹ́ NCR lo àǹfààní yìí ní ìlú Nieuwegein ní Nẹ́dálándì, Vic Hayes tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì di alága ìgbìmọ̀ tí ó gbé òfin ìṣọ̀kan 802.11 jáde ní 1997. Ìwọ̀n mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó lè gbé. Ní 1999, ó di 11. Ní 2003, ó di 54. Ẹ̀dà tí ó jáde ní 2009 sì tún ju ìyẹn lọ púpọ̀. Ní Ọsirélíà, John O'Sullivan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá ojútùú sí ìṣòro kan tí ó kan ilé gbogbo: ìgbì a máa lu ògiri, a sì máa padà bí gbohùngbohùn, tí ọ̀rọ̀ kan yóò fi gun orí òmíràn. Ní 1996 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ àwárí náà ní Amẹ́ríkà.

Orúkọ Wi-Fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò fún àwọn olùkọ́ èdè. Ní 1999 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí gbé iṣẹ́ ìsọlórúkọ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe ìkékúrú gbólóhùn kankan. Wọ́n kàn hun ún kí ó lè jọ hi-fi, orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ orin ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ náà kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. "Aláìlókùn" tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń lò sọ òótọ́ jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì òótọ́ ni: okùn kò tán, ẹnu ọ̀nà ilé ni ó dúró sí.

Ní ìparí ọdún 2002, ráútà Linksys WRT54G jáde fún lílò nínú ilé. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ṣàwárí pé Linux ni ó wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì tú ìlànà inú rẹ̀ síta ní 2003. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ OpenWrt ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, èyí tí ó ń fún àwọn àpótí tó ti gbó ní ẹ̀mí tuntun. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bíi TP-Link, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, fi ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kún ọjà àgbáyé. Báyìí ni ohun tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀ ṣe di ohun tí ènìyàn lè rí nínú ọjà Adjamé.

Ní Àbíjàn, okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ogun bẹ́ sílẹ̀ tí ó pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Ní oṣù Kọkànlá 2004, rògbòdìyàn mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Faransé kó ẹrù wọn kúrò ní Côte d'Ivoire. Síbẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò dẹ́kun àtigbilẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba inú okùn tẹlifóònù wọ ilé àwọn tó lówó. Ní 2012, ètò 3G dé orí ẹ̀rọ alágbèéká, okùn WACS àti ACE sì dára pọ̀ mọ́ SAT-3 nínú òkun. Okùn onígíláàsì ni ó tẹ̀lé e wọ inú àdúgbò. Nígbà tí ilé ìtajà ńlá PlaYce ṣí ní Marcory ní oṣù Kejìlá 2015, ráútà kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ìyanu tó kù ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára ní yàrá ìgbàlejò lè má dé ilé ìdáná.

Ògiri ni ìdáhùn. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ilé Zone 4, kankéré onírin ni àjà rẹ̀. Irin, dígí ńlá àti páànù ń dá ìgbì padà. Sìmẹ́ńtì ń fà á mu. Ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára páálí ráútà kì í sábà jẹ́ ti irú ilé bẹ́ẹ̀. Ibi gbalasa tí kò sí ògiri ni ó bá mu. Bí ènìyàn bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin kan péré nínú agbára ìgbì ni yóò bá a, àní bí kò tilẹ̀ sí ògiri rárá.

Irú ìgbì náà tún ṣe pàtàkì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbì 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ó ń la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kò gun ara wọn nínú rẹ̀, àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 1, 6 àti 11. Nínú ilé alájà púpọ̀ tí gbogbo ayálégbé ti ní ráútà, àwọn ojú ọ̀nà wọ̀nyí a máa kún bí afárá Houphouët-Boigny ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbì 5 GHz, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, ní àyè púpọ̀, ó sì yára, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti mú un rọ. Ráútà tí ó bá ní méjèèjì ni ó yẹ kí olówó kékeré kọ́kọ́ wá.

Èríálì púpọ̀ ni ó máa ń fa oníbàárà lójú. Èríálì dára, ṣùgbọ́n kì í dá agbára. Ó kàn ń darí agbára tó wà ni. Pàtàkì jù lọ ni ohun tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti kọ́ni: ráútà nílò èsì. Bí ó bá pariwo dé yàrá tó kẹ́yìn, tí ohùn ẹ̀rọ alágbèéká kékeré kò sì lè padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìjíròrò kò sí. Ìdí nìyí tí ráútà olówó ńlá kan fi máa ń kùnà níbi tí méjì olówó pọ́ọ́kú ti ń ṣàṣeyọrí. Kí wọ́n gbé àkọ́kọ́ sí ibi gíga láàárín ilé, kí ó má ṣe wà lẹ́yìn fíríìjì. Kí wọ́n sì fi okùn so èkejì, kódà bí ó jẹ́ àlòkù, mọ́ ọn ní òdìkejì ilé. Irú okùn bẹ́ẹ̀ lè gùn tó mítà 100.

Ìtàn àìpẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa ní Côte d'Ivoire, ilé di kíláàsì, ó sì di ọ́fíìsì. Ọmọ tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri kẹta ni ó kọ́kọ́ pàdánù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, ẹ̀kọ́ mìíràn tún dé. Àwọn okùn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Àbíjàn. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kó falẹ̀ ní Côte d'Ivoire, Làìbéríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Lọ́jọ́ náà, iná ráútà ń tàn wínníwínní ní Zone 4, ìgbì rẹ̀ sì dé yàrá gbogbo, ṣùgbọ́n kò ní iṣẹ́ tí yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá ráútà wí lọ́jọ́ náà bá aláìṣẹ̀ wí. Ẹni tí ó sáré lọ ra òmíràn sọ owó nù.

Ìdí nìyẹn tí òwe àwọn àgbà fi borí ìpolówó ọjà. Onílé tí ó bá fẹ́ ráútà yóò kọ́kọ́ ka ògiri rẹ̀, yóò wo ibi tí okùn gbà wọlé, yóò mọ iye ẹni tí yóò lò ó àti iye aládùúgbò tí ó ti gba ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè iye rẹ̀. Nínú ilé ọlọ́gbà ní òpópónà Paul Langevin, ìdáhùn lè jẹ́ àpótí mẹ́ta. Nínú yàrá méjì ní Treichville, níbi tí ìyá àgbà Ẹ̀jìgbò ti ń dúró kí ọmọ rẹ̀ pè é, àpótí kékeré kan tí wọ́n gbé sí orí pẹpẹ lè tó.