Àgbo Tí Ó Dé Philadelphia

Ní 1907 ni Dókítà George Green, ará Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ló di ilé ìwòsàn ńlá tí Yunifásítì Bowen fi ń kọ́ àwọn dókítà lónìí. Òkè òkun ni oògùn ti ń bọ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó rò pé tiwa náà lè lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi pákò bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowórà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó bóyá pákò ń pa kòkòrò ẹnu. Orin ata, ọ̀kan lára àwọn pákò náà, ló yà wọ́n lẹ́nu: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò kò pa àwọ̀ dà. Ìyẹn ló mú wọn wò ó síwájú sí i; ní 1971 wọ́n kọ ọ́ jáde pé omi rẹ̀ ń tún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti ká kò ṣe.

Ṣùgbọ́n ti Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde mìíràn, ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ lẹ́kúlẹ́ja ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni mí, yàrá àyẹ̀wò kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń jẹun. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní àgbo ìdílé kan fún àìsàn yìí. Ní àwọn ọdún 1990, òun àti NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá, jọ ṣe àdéhùn. Èso ìyeré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Mo kà á fún ìyá mi. Ó ní, "Ṣé ìyeré orí àtẹ mi yìí náà ni wọ́n gbé lọ bá òyìnbó?"

Wọ́n gbé e lọ o. Ilé ìwòsàn ọmọdé ní Philadelphia fi eku dán an wò. Xechem ti New Jersey gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006, wọ́n pè é ní Nicosan. Ní 2008 gbèsè gbé Xechem ṣubú, àwọn aláìsàn sì ń wá oògùn kiri.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣíwájú báyìí. Ní Yunifásítì LAUTECH l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń fi èròjà ewé sínú ẹ̀rọ láti wo bóyá á wọ inú ihò purotéènì bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń ti inú èyí tí a ti dán wò méfò èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ilé ìwádìí oògùn H3D ní Cape Town ti ń lò ó. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2023.

Ṣùgbọ́n inú àkójọ ni ẹ̀rọ ti ń kọ́gbọ́n. Àkójọ èròjà igi Áfíríkà kan tó gbajúmọ̀, Freiburg ní Jámánì ló wà. Àwọn ará ibẹ̀ àti onímọ̀ láti Kamẹrúùnù ló kó o jọ. Mo ṣí i wò. Orúkọ igi wà, ìwé tí wọ́n ti rí i wà. N kò rí àyè ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo igi náà. Niprisan sàn ju èyí lọ: orúkọ Ogunyale ṣì ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní 2020, ọjà ìyá mi bá a lọ. Kò pẹ́ tó fi tún àtẹ pa, torí orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀: egbò wo, ìlú wo, ta ló kọ́ ọ. Ó ní kí n má gbàgbé obìnrin tó kọ́ òun ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó òun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.