Ẹja Àkùrọ̀ Logone

Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Potogí dé ẹnu odò Wouri, níbi tí ìlú Douala wà lónìí. Edé tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé Rio dos Camarões, èyíinì ni Odò Edé, ni wọ́n sọ ọ́. Láti ara orúkọ yìí ni Kámẹ́rúùnù ti rí orúkọ tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ń ṣírò èrè omi ní ìhà àríwá rẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n fojú sí. Wọn kò ka ẹja kún.

Àkùrọ̀ odò Logone wà ní gúúsù Adágún Chad. (Ẹ̀fọ́ ni àkùrọ̀ máa ń mú wá sọ́kàn àwa Yorùbá, ti Logone fẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.) Lọ́dọọdún, odò a kún àkúnya, omi a sì tàn ká inú koríko. Inú koríko yìí ni ẹja ń yé sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì ti ń dàgbà. Bí omi bá ń fà, tí ẹja ń padà sódò, àwọn Kotoko àti Musgum a dẹ àwọ̀n sẹ́nu ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá yan tàbí tí wọ́n sá ń di owó lọ́jà. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì gbẹ, àwọn Fúlàní a da màlúù wá jẹ koríko tútù tí omi fi sílẹ̀.

Ní 1979, wọ́n mọ odi Maga láti sé omi fún oko ìrẹsì SEMRY, ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dá náà kò sì jẹ́ kí òjò tó ní àwọn ọdún náà. Omi tí ń wọ àkùrọ̀ dín kù, ẹja dín kù, koríko rẹ̀ dànù, apẹja púpọ̀ sì kó kúrò nílùú. Lójú tèmi, ìgbà yìí gan-an ni iye tí ẹja náà tó hàn sí gbangba: ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ni ó ti ń bọ́ ilé.

Ní 1994, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1997, wọ́n ṣí díẹ̀ nínú ojú omi tí a ti dí. Ẹja padà, koríko padà, darandaran náà padà. Ipa omi tí àwọn apẹja ń gbẹ́ ti pọ̀ sí i gidigidi láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ kan sì ń bẹ̀rù pé omi yóò máa tètè fà gba inú wọn, tí ọmọ ẹja yóò fi bọ́ sínú àwọ̀n kí ó tó dé odò.