Àdéhùn àti Ìbọn: Láti Ọ̀yọ́ Títí Dé Bakassi

Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ó lè dá alágbára lẹ́kun bí ó bá fẹ́ fi ìbọn parí ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè parí?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní oṣù kejì ọdún 1893, Gómìnà Carter ti Èkó bá Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ṣe àdéhùn àlàáfíà àti ìṣòwò. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé tí Kápítéènì Bower, ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, fi yin ìbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá 1895. Kí ló fà á? Wọ́n fi ìyà òfin àtijọ́ jẹ ọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn àgbèrè, ó wá di àríyànjiyàn pé ta ló ni àṣẹ ìdájọ́, Aláàfin ni tàbí òyìnbó? Bower ni olùpẹ̀jọ́, òun ni adájọ́, òun náà ni dóńgárí. Ìwé àdéhùn wà o, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìbọn ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ní 1945, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sínú òfin pé orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ gbé ogun ka òmíràn mọ́lé, àyàfi bí ó bá ń gbèjà ara rẹ̀ tàbí bí Ìgbìmọ̀ Aláàbò bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tó yá, àwa náà di alágbára. Ní 1981, wọ́n pa ọmọ ogun wa márùn-ún ní ẹnu ààlà Kamẹrúùnù; àwọn kan ní kí á jagun, Ààrẹ Shagari kò gbà. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Bakassi ní 1994, Kamẹrúùnù sì pè wá lẹ́jọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ní 10 oṣù kẹwàá 2002, ilé ẹjọ́ dá Bakassi fún Kamẹrúùnù. Bọ́lá Ajíbọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn sórí àga ìdájọ́ náà, kò fara mọ́ ọn, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, òun kan náà ló ṣáájú àwọn aṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ tó mú ìdájọ́ ọ̀hún ṣẹ. A kó ọmọ ogun wa kúrò ní 2006, a sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá ní 2008. Ẹ má jẹ́ kí á fojú kéré ìrora àwọn apẹja tó pàdánù ilé wọn.

Ẹ rántí Hudaybiyyah. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, dá Abu Jandal padà fún àwọn Kùráíṣì nítorí àdéhùn, ó sì dun àwọn Sàhábà wọ eegun.

Bí ohun tí Bower ṣe fún Ọ̀yọ́ bá ń bí wa nínú, kò yẹ kí á máa wá irú agbára bẹ́ẹ̀ láti fi lu ẹlòmíràn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.