Ìṣirò Kì í Ṣe Àlejò ní Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama sọ̀rọ̀ ní agbègbè Ìgèdè-Èkìtì. Bí mo bá bi ọmọ kan léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, yóò ní òun fẹ́ di dókítà tàbí ẹnjiníà. Bí mo bá wá bèèrè bí ìṣirò rẹ̀ ti rí, yóò tẹ orí ba. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ ìṣirò nínú ìdílé àwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí kò bá yege dáadáa nínú ìṣirò ní ìdánwò WAEC tàbí NECO, ọ̀nà iṣẹ́ méjèèjì yẹn ti dí mọ́ ọn.

Orin-Èkìtì kò jìnnà sí Ìgèdè. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Adégòkè Olubummo sí ní ọdún 1923. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, nígbà tí ó sì di 1955, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó nígbà náà: Chike Obi, tí ó gba tirẹ̀ ní Cambridge ní 1950, ni ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1955 yẹn kan náà ni Olubummo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Ìbàdàn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1964, ó sì kú ní 1992. Ọmọ Èkìtì ni, láti ìlú kékeré.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ fi ń sá fún ìṣirò? Ìtàn ní díẹ̀ láti sọ sí i. Ní 1962, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Entebbe, ní Uganda, láti kọ ìwé ìṣirò tuntun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Grace Alele-Williams, tí ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, láti 1954 sí 1957, wà lára àwọn tí ó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èrò rere ni: kí ọmọ mọ ìdí tí ìṣirò fi rí bí ó ti rí, kí ó má kàn há a sórí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbé ìwé tuntun náà lé lọ́wọ́ kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó, àwọn òbí kò sì lè ran ọmọ wọn lọ́wọ́ nílé mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n pa á tì. Lójú tèmi, kì í ṣe ìṣirò náà ni ó burú. Wọn kò wá ilẹ̀kùn tí ọmọ yóò gbà wọlé ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá wá ilẹ̀kùn náà. Mùsùlùmí ọmọ Èkó ni, ọdún 1923 kan náà ni wọ́n bí òun náà. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí ó bá ka àlùbọ́sà lọ́jà tí ó ní "márùndínláàádọ́ta" ti ṣe ìṣirò kí ó tó dé kíláàsì. Ọgọ́ta ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Yọ ẹ̀wá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún sí i, 45 dé. Mélòó nínú àwọn tíṣà wa ni ó ti fi èyí han ọmọ rí?

Áljẹ́bírà tí ó ń dẹ́rù bà yín jù náà ńkọ́? Ilé yín ni ó ti wá. Muhammad bin Musa al-Khwarizmi ni ó kọ ìwé rẹ̀ ní Baghdad, ní ayé Khalifa al-Mamun, tí ó jọba láti 813 sí 833. Láti inú orúkọ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ "al-jabr" ti jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dá ohun tí ó ti yẹ̀ padà sípò, bí àwọn tí ń to eegun ti ń ṣe. Apá ńlá nínú ìwé náà sì dá lórí wàsíyyà àti pípín ogún. (Ẹ ṣàkíyèsí pé ogún tí à ń kà àti ogún tí à ń jẹ, bákan náà ni a ṣe ń pè wọ́n.)

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Ìgèdè. Bàbá kan kú, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta, àti ₦800,000. Gẹ́gẹ́ bí Suratu Nisaa ti là á sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó: ₦100,000. Ó ku ₦700,000. Ìpín méjì ni ti ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, ìpín kan ni ti ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Àwa kò tíì mọ iye tí ìpín kan jẹ́, nítorí náà ẹ pè é ní x. Ọmọkùnrin méjì kó 4x, ọmọbìnrin mẹ́ta kó 3x. 7x jẹ́ ₦700,000, x sì jẹ́ ₦100,000. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦100,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦200,000.

Olùkọ́ tí ó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ kò ní nílò pàṣán. Gbogbo ọmọ inú kíláàsì ni ó mọ ilé kan tí wọ́n ti jà sí ogún.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ girama. A kì í pín ogún kí a tó san gbèsè. Bí bàbá náà bá jẹ ₦80,000 kí ó tó kú, mélòó ni yóò kan ìyàwó, mélòó ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ẹ mú pẹ́ńsù.